Ìsinmi Ìbímọ àti Owó Oṣù: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Á Bi Àwọn Tí Ń Tọrọ Ìbò Wa

Ọ̀rọ̀ tí agbẹjọ́rò kan nínú ẹgbẹ́ wa sọ ní ìpàdé àwọn olùdìbò, Gwagwalada

Ìgbìmọ̀ ètò ìdìbò ni ó ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀. Àkòrí mẹ́ta ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi pé kí n mú ọ̀kan níbẹ̀: ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ọ̀rọ̀ omi, àti ọ̀rọ̀ àwọn ìdílé tí bàbá àti ìyá jọ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà àti omi kò ní ṣàìrí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ lé wọn lórí, nítorí kò sí olùdíje tí kò ní í ṣèlérí ọ̀dà àti kànga ẹ̀rọ. Ẹ̀kẹta ni mo mú, nítorí pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń lẹ àwòrán mọ́ ògiri káàkiri Kutunku àti Dagiri, n kò tí ì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà á.

Ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 2026 ni àjọ INEC fi ìdìbò káńsù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ó wà ní olú-ìlú yìí sí. Àwa ní Gwagwalada yóò yan alága, a ó sì yan káńsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan ní wọ́ọ̀dù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, láti Zuba àti Tungan Maje títí dé Dobi àti Paiko. Lẹ́yìn èyí ni ìdìbò gbogboogbò ti 2027 ń bọ̀, níbi tí a ó ti yan sẹ́nétọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo olú-ìlú ní, àti aṣojú-ṣòfin kan tí àwa, Abaji, Kuje àti Kwali jọ ní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìdìbò méjèèjì sọ́kàn bí mo ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ohun tí a lè béèrè lọ́wọ́ alága káńsù yàtọ̀ sí ohun tí a lè béèrè lọ́wọ́ aṣòfin. Ẹni tí ó bá da méjèèjì pọ̀ yóò kàn máa bi adití ní ìbéèrè ni.

Kí ni òfin sọ nípa obìnrin tí ó bímọ sẹ́nu iṣẹ́? Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ ṣí. Ìjọba ológun ni ó ṣe é ní 1974, wọ́n sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 1971 ni agbára rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Abala 54 ni ó sọ̀rọ̀ nípa aboyún àti ìyá ọmọ. Bí dókítà bá kọ ìwé pé ó ṣeé ṣe kí obìnrin kan bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ní ẹ̀tọ́ láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sílé. Bí ó bá sì ti bímọ, agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ó bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fún oṣù mẹ́fà láìdá a dúró, owó tí wọn yóò san fún un ní ọ̀sẹ̀ méjìlá yìí kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó bá padà dé, bí ó bá ń fún ọmọ lọ́mú, ó ní ẹ̀tọ́ sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti tọ́jú ọmọ náà nínú àkókò iṣẹ́. Bí àìsàn tí oyún tàbí ìbímọ fà bá sì mú kí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nílé, tí dókítà jẹ́rìí sí i, agbanisíṣẹ́ kò lè fún un níwèé ìdádúró nígbà tí kò sí níbẹ̀.

Mo fẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, “kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì.” Ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ni ó ń kà á bí ẹni pé òfin ní ìdajì ni kí wọ́n san. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ni òfin fi hàn wọ́n, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe rì sísàlẹ̀ rẹ̀. Kò sọ pé ibẹ̀ ni kí wọ́n sùn sí. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀. Owó oṣù tí ó kéré jù ní Nàìjíríà láti oṣù Keje ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 35,000. Ẹni tí ó ń gba 70,000, tí ó wá bímọ, tí ó ní láti ra aṣọ ọmọ, tí ó san owó ilé-ìwòsàn, tí àlejò ìkómọ ń wọlé tọ̀ ọ́, 35,000 ni òfin ní ó tó fún un lóṣù. Òfin kan náà sì sọ ọ́ kedere pé owó dókítà rẹ̀ kò sí lọ́rùn agbanisíṣẹ́.

Ẹ tún wo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ. Ọjọ́ méjìlélógójì ni. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ní ilé-ìwòsàn ńlá yunifásítì tí ó wà níhìn-ín ń sọ fún gbogbo ìyá ọmọ, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á sílẹ̀, pé kí ọmọ má ṣe fi nǹkan mìíràn kan ẹnu yàtọ̀ sí ọmú ìyá rẹ̀ títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Ohùn dókítà sọ oṣù mẹ́fà, ohùn òfin sọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Obìnrin tí ó bá gbọ́ ti dókítà lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tí ó bá gbọ́ ti agbanisíṣẹ́ ni yóò ra mílíìkì inú agolo, ẹ̀yin tí ẹ sì ń tà á mọ iye tí ó dé báyìí. Ti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì ńkọ́? Àwọn tí ó kọ òfin náà ń rò ó bí ẹni pé ilé òṣìṣẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-iṣẹ́. Ẹni tí ó ń gbé Phase 3 tí ó ń ṣiṣẹ́ ní àárín ìlú Abuja, ìrìn nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà ni ó ń rìn lọ, àádọ́ta ni ó ń rìn bọ̀. Ta ni yóò gbé ọmọ tẹ̀lé e? Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò tó kí ó fi dé Giri.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí á má purọ́. Ìlànà Iṣẹ́ Ìjọba fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún pẹ̀lú owó oṣù pípé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìsinmi ọdún náà ti wọ inú rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún Ìlànà náà ṣe, tí Ọ̀gá Àgbà Òṣìṣẹ́ Ìjọba, Folasade Yemi-Esan, sì fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, bàbá ọmọ náà ti ní ìsinmi tirẹ̀: ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rìnlá, kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún méjì, kò sì kọjá ọmọ mẹ́rin. Ẹni tí òun àti ìyàwó rẹ̀ bá gba ọmọ ọwọ́ tí kò tí ì pé oṣù mẹ́rin tọ́ lábẹ́ òfin ní ẹ̀tọ́ sí i pẹ̀lú. (Mo rí àwọn kan tí ó ń rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tí ó ní ìyàwó mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún méjì náà ni. Kí àwọn ìyàwó rẹ̀ jọ ṣe ìpàdé.)

Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣáájú ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Keje ọdún 2014, nígbà tí Babatunde Fashola ṣe gómìnà, wọ́n fún obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ní oṣù mẹ́fà pẹ̀lú owó oṣù pípé fún ìbí méjì àkọ́kọ́, wọ́n sì fún bàbá ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ìpínlẹ̀ kan ni ó ṣe èyí fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀, ilẹ̀ kò sì ya.

Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa tí a jókòó síbí ni ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba? Ìdí nìyí tí mo fi ń pẹ́ lórí ti aládàáni. Láàárín ọdún mélòó kan sẹ́yìn, obìnrin tí ó wá bá mi lórí ọ̀rọ̀ oyún àti iṣẹ́ pọ̀ ju àwọn tí ó wá bá mi lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lọ, ẹ sì mọ bí ẹjọ́ ilẹ̀ ti pọ̀ tó ní Gwagwalada. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Ó ti lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀. Nígbà tí oyún rẹ̀ hàn, olùdarí pè é, ó sì sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún un pé kí ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó sì padà wá “bẹ̀rẹ̀ tuntun” nígbà tí ó bá ti bímọ. Ó kọ ọ́. Nígbà tí ó padà dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n gbà á síṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi gbà á ní ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n tún fún un. Ìwé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni wọ́n gbé ka iwájú mi. Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kọ ìwé náà. Ìwé tí agbanisíṣẹ́ bá fẹ́ kọ, kí òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́, kí ó sì fọwọ́ sí i, kí á lè mọ ohun tí a ó gbé lọ síwájú adájọ́.

Ilé-ẹjọ́ kò sì dákẹ́. Àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa gbé gbogbo ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ lọ sí Ilé-ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ ti Àpapọ̀, ó sì fún ilé-ẹjọ́ náà láṣẹ láti wo ohun tí ó jẹ́ ìwà tí ó tọ́ ní àgbáyé, kì í ṣe ohun tí ó wà nínú òfin 1974 nìkan. Ẹjọ́ kan wà tí wọ́n dá níhìn-ín ní Abuja, ti obìnrin kan tí wọ́n dá dúró nítorí pé ó lóyún. Ilé-ẹjọ́ sọ pé èyí lòdì sí abala 42 ìwé òfin, tí ó ní kí á má ṣe fi ohun tí ènìyàn jẹ́ yà á sọ́tọ̀ fún ìyà. Èkejì tún sún mọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2021 ni wọ́n lé ọlọ́pàá obìnrin kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì nítorí pé ó lóyún láì tí ì lọ́kọ. Òfin àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n gùn lé, òfin 127, kò sọ ohunkóhun nípa ọlọ́pàá ọkùnrin tí ó fún ọmọge lóyún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ tí ó jókòó ní Àkúrẹ́ sọ pé òfin náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ níwájú ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Ọdún mẹ́ta ni ọmọ náà fi dúró kí ìdájọ́ tó jáde. Ọmọ tí ó wà nínú oyún nígbà yẹn ti ń sáré kiri.

Ẹ má ṣe rò pé àwọn agbanisíṣẹ́ ni mo wá bá jà. Púpọ̀ nínú wọn wà nínú yàrá yìí. Ẹ jẹ́ kí á mú obìnrin kan tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Phase 2, tí ó ní ogún òṣìṣẹ́, tí ó ń san 70,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí olùkọ́ mẹ́ta bá bímọ lọ́dún kan náà, tí ó sì fẹ́ ṣe rere kí ó san owó pípé fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, ẹnì kan á gbà ju 190,000 lọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á gbà ju 570,000. Lẹ́yìn èyí ni yóò tún wá owó olùkọ́ tí yóò di àyè wọn mú. Kí ni yóò ṣe lọ́dún tí ó tẹ̀lé e? Ọkùnrin ni yóò gbà síṣẹ́, tàbí obìnrin tí ó ti kọjá ìgbà ọmọ bíbí. Òfin tí ó bá gbé gbogbo ẹrù lé agbanisíṣẹ́ nìkan lórí, àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí a ṣe é fún gan-an ni yóò padà wá pa lára. Ohun tí ó jẹ́ kí n máa sọ pé ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ti ìjọba nìyí.

Àwọn ọmọ ìyá wa tí wọ́n wà ní ìkejì ààlà ti yanjú èyí tipẹ́. Ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ wà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ni ìsinmi ìbímọ, owó oṣù sì ń wọlé pé pérépéré. Àpò ìfowópamọ́ òṣìṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ni ó ń san ìdajì, agbanisíṣẹ́ ń san ìdajì yòókù. Bákan náà ni ó rí ní Togo. Ghana fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjìlá pẹ̀lú owó pípé nínú òfin 2003 wọn, ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ ni ó ń dá a gbé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà, ọ̀sẹ̀ mọ́kàndínlógójì ni owó ìyá ọmọ fi ń wọlé. Mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ ìdá 90 nínú 100 owó rẹ̀, ìjọba ni ó sì ń dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú gbogbo owó náà padà fún agbanisíṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé nítorí pé wọ́n lówó ni. Amẹ́ríkà lówó jù wọ́n lọ, òfin gbogbo orílẹ̀-èdè wọn láti 1993 kò fún òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni ju ọ̀sẹ̀ méjìlá tí kò ní kọ́bọ̀ nínú lọ, àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké kò sì sí nínú rẹ̀ rárá. Ìfẹ́ inú ìjọba ni, kì í ṣe bí àpò ti wúwo tó.

Ètò ti Benin yìí kò ṣàjèjì sí wa. Èsúsú ni. Gbogbo wa ń dá díẹ̀díẹ̀, ẹni tí ó kàn ni yóò kó. Nàìjíríà pàápàá ti ní irú rẹ̀ fún ìjàǹbá ẹnu iṣẹ́: òfin 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú 100 gbogbo owó oṣù tí ó ń san sí àpò NSITF, kí òṣìṣẹ́ tí ó bá fara pa lè rí ìtọ́jú. Obìnrin onílé-ẹ̀kọ́ tí mo fi ṣàpẹẹrẹ lẹ́ẹ̀kan, 14,000 náírà ni tirẹ̀ lóṣù. Bí òfin bá fi ìdajì èyí kún un fún ìyá ọmọ, 7,000 lóṣù ni, 84,000 lọ́dún, yálà ẹnì kan bímọ tàbí ẹni mẹ́ta. N kò sọ pé ìdajì yẹn ni yóò tó. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò ni láti wọ̀n ọ́n, ìjọba náà sì gbọ́dọ̀ fi owó tirẹ̀ sí i. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìlànà rẹ̀ wà, iléeṣẹ́ tí ó lè gba owó náà wà, òfin tí yóò so wọ́n pọ̀ ni kò sí. Àdéhùn Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé tí a ń pè ní 183, ti ọdún 2000, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ni ó ní kí orílẹ̀-èdè fún ìyá ọmọ, pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta owó rẹ̀, ó sì sọ pé kí owó náà wá láti inú àpò ìfowópamọ́ tàbí ti ìjọba, kí ó má ṣe jẹ́ ọrùn agbanisíṣẹ́ nìkan. Benin ti fọwọ́ sí i, Senegal ti fọwọ́ sí i, Niger ti fọwọ́ sí i.

Wàyí o, ta ni ó lè ṣe òfin náà? Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè, ní nọ́ńbà 34 lára ohun tí Ilé-ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ nìkan ní àṣẹ lé lórí. Bí olùdíje alága káńsù bá dé ọ̀dọ̀ yín tí ó ní òun yóò fún gbogbo obìnrin Gwagwalada ní oṣù mẹ́fà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó fẹ́ lọ Ilé Aṣojú-ṣòfin ní 2027 bá ní òun kò lè ṣe nǹkan kan nípa rẹ̀, irọ́ ni tirẹ̀ náà. Àwa ará olú-ìlú kò ní gómìnà, a kò ní ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀; Ilé-ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ kan náà ni ó ń ṣe òfin fún wa níbi tí ìpínlẹ̀ yòókù ti ń ṣe tiwọn. Òfin 2015 tí ó ka ìwà ipá sí ènìyàn léèwọ̀, olú-ìlú yìí ni wọ́n ṣe é fún kí àwọn ìpínlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú tiwọn jáde. Kí ni ó wá dí wọn lọ́wọ́ láti ṣe òfin àpò ìyá ọmọ fún olú-ìlú nìkan, kí á wò ó bóyá yóò rìn? Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, wọ́n gbé àbá òfin ìsinmi bàbá ọmọ wá síwájú Ilé Aṣojú-ṣòfin, wọ́n sì dà á nù. Àwọn tí a dìbò fún ni ó dà á nù. A kò bi wọ́n léèrè nígbà náà.

Lórí ìsinmi bàbá yìí, mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan ń sọ nínú ara wọn pé kí ni ọkùnrin fẹ́ fi ìsinmi ìbímọ ṣe. Ní ilé wa, ìyá ọkọ tàbí ìyá ìyàwó ni ìsinmi ìbímọ wa. Yóò wá, yóò wẹ ọmọ, yóò fi omi gbígbóná tẹ ikùn ìyá ọmọ, yóò se ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ aláta, ìyá ọmọ yóò máa sùn. Ogójì ọjọ́ ni, kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sínú òfin. Ẹ wo ibi tí a wà. Àwa tí a wá láti Kabba, Ìsánlú, Ìlọrin, Ọ̀ffà, Ògbómọ̀ṣọ́, mélòó nínú àwọn ìyá wa ni ó ṣì lè gba ọ̀nà Lọ́kọ́ja wá bí ọ̀nà ti rí báyìí? Mélòó nínú wọn ni kò tí ì fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ṣì ń ṣòwò kí wọ́n tó jẹun? Bí ìyá kò bá lè wá, tí ọkọ wà níbi iṣẹ́ láti àárọ̀ títí di alẹ́, ta ni yóò gbé ọmọ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún? Ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Nínú yàrá kan ní Dagiri, igba náà ti di ẹyọ kan, ọkọ rẹ̀ ni.

Ti àwọn ìyálọ́jà wa ni ó kù, ó sì dùn mí pé òfin kankan kò mọ̀ wọ́n. Ẹni tí ó ń ta èso ní Zuba, tí ó ń ta aṣọ ní ọjà Gwagwalada, tí ó ń ránṣọ, tí ó ń ṣe irun, kò ní agbanisíṣẹ́. Abala 54 kò kàn án. Ọjọ́ tí ó bímọ ni owó rẹ̀ dúró, ọjọ́ kẹwàá sì ni àwọn mìíràn ti padà sídìí igbá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Èyíkéyìí àpò tí a bá ní kí ìjọba dá sílẹ̀, kí á rí i pé ẹni tí ó ń dá owó fúnra rẹ̀ lè wọ inú rẹ̀. Òfin ìbánigbófò ìlera ti 2022 ti sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ará Nàìjíríà wà nínú ètò náà. Olùdíje tí ó bá wá sí ọjà, kí ẹ bi í pé ọjọ́ wo ni yóò kó àwọn obìnrin ọjà jọ láti forúkọ sílẹ̀.

Níbi yìí ni alága káńsù ti wọlé. Ìwé òfin fi ọjà sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì fún wọn ní ipa nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìlera. Káńsù lè kọ́ yàrá kan sínú ọjà tí ìyá ọmọ lè jókòó sí fún ọmọ lọ́mú, tí ẹni tí ó ní ẹ̀kọ́ yóò ti máa bójú tó àwọn ọmọdé. Káńsù lè rí i pé ilé-ìwòsàn kékeré wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ọ̀sì lálẹ́. Káńsù ni agbanisíṣẹ́ àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, àwọn ni kí ó sì kọ́kọ́ bójú tó. Gbogbo wa rántí ọdún 2025: láti oṣù Kẹta títí wọ oṣù Keje ni àwọn ọmọ wa fi jókòó sílé, nítorí pé àwọn káńsù kò san owó oṣù 70,000 tí òfin là sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́. Káńsù tí kò san owó ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, báwo ni yóò ṣe san ti ẹni tí ó wà nílé pẹ̀lú ọmọ? Kí á bi gbogbo wọn ní èyí, ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù tí wọn ìbáà wà.

Ìgbìmọ̀ ti sọ fún mi pé àwọn olùdíje yóò wá bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ ìdìbò tó dé. Mo dábàá pé kí akọ̀wé kọ ìbéèrè mẹ́rin sílẹ̀, kí á ka wọ́n sí etí olúkúlùkù, kí á sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ṣé àwọn obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù àti ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún wọn pẹ̀lú owó pípé, àti bàbá ọjọ́ mẹ́rìnlá rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oṣù wo ni yóò bẹ̀rẹ̀? Ọjà wo ni yóò kọ́kọ́ kọ́ yàrá ìyá ọmọ sí, èló sì ni yóò yà sọ́tọ̀ fún un nínú ìṣúná ọdún àkọ́kọ́? Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí ó bá ń gba iṣẹ́ tàbí ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ káńsù, ṣé yóò bi í bóyá ó ń pa abala 54 mọ́? Ní 2027, ta ni yóò tì lẹ́yìn fún Ilé Aṣojú-ṣòfin, ṣé ẹni náà yóò sì gbé àbá òfin àpò ìyá ọmọ wá?

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé ìgbàsíṣẹ́ nílé, ẹ wò ó lálẹ́ òní bóyá wọ́n kọ ohunkóhun sínú rẹ̀ nípa ìbímọ. Èyí tí kò bá yé yín, tàbí tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá dín sí ohun tí mo kà fún yín, ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé ìparí oṣù. Mo máa ń jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn títí di aago mẹ́fà, n kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ fún ìwé kíkà.